Bí O Ṣe Lè Fúnra Rẹ Mọ Ohun Tó Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Rẹ Gbóná

O fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, o kò sì fẹ́ ná ju owó omi inú ọ̀rá lọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Tẹ̀ lé mi.

1. Bí ọwọ́ géèjì bá ń sún mọ́ H nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò, fi sítíkà bo ojú rẹ̀. Tó bá ṣàdédé já wá sí C nígbà tí èéfín ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, dúpẹ́, ọkọ̀ ti tutù nìyẹn. Àwọn aláròyé á ní omi ló tán, pé sẹ́ńsọ̀ kò rómi fara kàn mọ́. Má dá wọn lóhùn.

2. Ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 100°C. Ìdérí yẹn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò fi hó. Bí o bá ti yí i, omi á fò bá ọ lójú. Èyí fi hàn pé omi ṣì kù. Kọ ọ́ sílẹ̀, bí o bá ṣì ríran.

3. Ra omi tútù lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, èyí tó ti di yìnyín ló dáa jù. Dà á sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bó bá dún pàá, irin ti sán, o ti ń sún mọ́ òótọ́. Má ra kúláǹtì. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, ṣùgbọ́n omi ìpẹtà pupa, kúláǹtì náà pupa, èwo lọ̀fẹ́?

4. Wàyí o, pe mẹkáníìkì. Èyí tó bá kọ́kọ́ wò bóyá fáànù ń yí, tàbí tó ń tẹ rọ́bà wò bóyá ó ń jò, lé e lọ. Ẹni tó ń sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ tẹmọ́sítáàtì, òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún,” lo ń wá. Nǹkan náà kì í ṣí fún omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé nǹkan bíi 82 sí 90°C. Ta ló bẹ̀ ẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná? Yọ ọ́ dànù. Bí bẹńtiróòlù bá wá ń tètè tán, ilé epo ni kí o bá jà. Kí mẹkáníìkì náà so fáànù mọ́ bátìrì tààrà, kó máa yí tọ̀sán tòru. Bí bátìrì bá kú, iṣẹ́ riwáyà nìyẹn, kò kan ìwé yìí.

5. Fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti dà bí ògì, èéfín funfun sì ń jáde ní sàlẹ́ńsà? Wọ́n á ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, omi ti wọnú ọ́ìlì. Kí ló burú níbẹ̀? Ọ́ìlì tó wọ́n tó báyìí ń pọ̀ sí i láìrà.

6. Máa wà á lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì, àyẹ̀wò ti parí: kò ní gbóná mọ́. Lọ ra tòkúnbọ̀ mìíràn ní Ládípọ̀, ní Mushin. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n bá ọ yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀.