Ẹṣin Iwájú Sáré, Ti Ẹ̀yìn Kun Ọ̀dà

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ẹnikẹ́ni kò sì ní jiyàn pé òwe yìí ti ran àìmọye ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti mọ ọ̀nà tí ó yẹ kí wọ́n tọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ òwe náà tí ẹni tí ń pa á kì í ronú láti sọ síta, nítorí ó dá a lójú pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: eré ni ẹṣin ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó rí lára ẹṣin iwájú kò ju eruku tí ó bo ìbàdí rẹ̀, irun ọrùn tí wọ́n fá àti gàárì tí wọ́n gé kúrú, tí òun náà wá dúró gbagidi sójú kan, tí ó ń wá eruku tí yóò bù sára àti abẹ tí yóò fi fá irun, a jẹ́ pé ó wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sáré. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kún Amẹ́ríkà lónìí, inú ilé ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n sì ń gbé.

Hot rod ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ tí ẹnì kan tú palẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, tí ó bọ́ gbogbo ohun tí kò wúlò fún eré kúrò lára rẹ̀, tí ó sì gbé ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ sínú rẹ̀. Gúúsù California ni àṣà náà ti gbilẹ̀ láàrin 1930 sí 1940, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, àwọn tí ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe olówó. Ilé-iṣẹ́ Ford ti ṣe Model T tí ó lé ní mílíọ̀nù 15 láàrin 1908 sí 1927, èyí tí ó mú kí òkú ọkọ̀ náà pọ̀ nílẹ̀ débi pé ọ̀dọ́ tí ń rọ epo sọ́kọ̀ lè dá ọ̀kan rà. Wọ́n yọ irin tí ó bo táyà nítorí pé ó wúwo; wọ́n yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì nítorí pé òun náà wúwo; wọ́n rẹ òrùlé wálẹ̀ nítorí pé atẹ́gùn ń dá ọkọ̀ tí ó bá ga dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wà á lọ sí Muroc tàbí El Mirage, àwọn adágún tí omi ti gbẹ lójú wọn nínú aṣálẹ̀, tí ilẹ̀ wọn sì tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, wọ́n á sì tẹ iná mọ́ ọn títí tí kò fi ní sí ibi tí ó tún lè yára dé mọ́. Nígbà tí ó di 1937, ẹgbẹ́ Southern California Timing Association, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SCTA, dìde láti máa fi aago díwọ̀n eré ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gé, kò sí èyí tí wọ́n gé fún ẹwà.

Ọkọ̀ tí ó wá di ọba láàrin wọn ni Ford ọdún 1932. Inú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbé V8 sí, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà mẹ́jọ rẹ̀ pín sí ọ̀wọ́ méjì tí ó ya síra ní igun. Agbára ẹṣin 65 ni ó ní, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń mọ bí iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò ní òrùlé irin nínú ọkọ̀ náà kò tó 500 dọ́là. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ irin lẹ́nu ogun padà sílé, àṣà náà sì gbòde: Robert Petersen dá ìwé ìròyìn Hot Rod sílẹ̀ ní 1948, ìdíje eré bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah ní 1949, Wally Parks sì dá ẹgbẹ́ National Hot Rod Association, ìyẹn NHRA, sílẹ̀ ní 1951 kí eré sísá lè kúrò lójú títì. Mẹkáníìkì tí ó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn sínú Peugeot ní Mushin, nítorí pé ti inú rẹ̀ ti kú tí owó tuntun kò sì sí, ì bá mọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lójú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ilé.

Ẹṣin ẹ̀yìn ni kò ní mọ̀. Ẹni tí ń kọ́ hot rod sínú ilé ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ lóde òní á kọ́kọ́ lé ọkọ̀ tí ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ síta sínú òjò àti yìnyín, kí àyè lè gba èyí tí kò gbé e lọ síbì kankan. Ìgbà mìíràn wà tí ara ọkọ̀ tí ó gbé wọlé kò ti ọwọ́ Ford jáde rárá, nítorí ilé-iṣẹ́ òde òní wà tí ń fi irin tuntun tàbí fáíbà ṣe ara Ford 1932 tà; àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn a máa fi ṣe àwàdà pé Ford 1932 tí ó wà láyé báyìí ju èyí tí Ford ṣe lọ. Nípa ẹ́ńjìnnì, kò sí wàhálà wíwá a kiri lórí òkìtì òkú ọkọ̀ mọ́, inú àpótí ni wọ́n ń kó o sí wá bá onílé ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn pé bí ó bá bàjẹ́ wọn yóò tún un ṣe.

Gígé òrùlé ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Oníṣẹ́ á fi ayùn irin gé íńṣì mẹ́ta kúrò lára àwọn òpó tí ó gbé òrùlé dúró, kí òrùlé lè sún mọ́ ẹnu fèrèsé. Nítorí pé àwọn òpó náà kò dúró ṣánṣán, tí wọ́n dà sẹ́yìn tàbí síwájú, ẹnu wọn kì í pàdé mọ́ nígbà tí òrùlé bá sọ̀ kalẹ̀. Ó di dandan kí ó tún la òrùlé fúnra rẹ̀, kí ó fi irin mìíràn kún àárín rẹ̀, kí ó jó o pọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ooru má baà lọ́ ọ, kí ó fi òòlù tọ́ ọ, kí ó sì fi gíríndà dán ojú rẹ̀. Gbogbo gíláàsì ni yóò tún gé. Ọ̀pọ̀ oṣù lè bá iṣẹ́ yìí lọ, gbogbo rẹ̀ nítorí kí atẹ́gùn má baà dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ náà á wá jáde, ẹni tí ó wà á á tẹrí ba kí ó tó lè rí iná adarí ọkọ̀ lókè, á sì rọra wà á lọ sí gbàgede ìtajà kan lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí yóò ti ṣí àga alágbèéká sẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Agbára ẹṣin 400 ló dúró síbẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n rìn.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kì í jẹ́ kí táyà wọn fọwọ́ kan ọ̀dà títì. Orí tírélà ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ síbi àfihàn, wọ́n á tẹ́ dígí sí abẹ́ rẹ̀ kí àwọn adájọ́ lè rí i pé sàláńsà rẹ̀ ń dán. Ẹgbẹ́ kejì kórìíra dídán. Ìpáàrà ni wọ́n fẹ́. Bí irin bá jẹ́ tuntun, wọ́n á da ọtí kíkan àti iyọ̀ sí i lára kí ó lè dógùn-ún, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọ̀dà aláìláwọ̀ bò ó kí ìpáàrà náà má baà jẹ irin gidi. Ìṣẹ́ ni ẹṣin iwájú rí tí kò yàn. Owó ni ti ẹ̀yìn fi ń rà á. Ìjọba California pàápàá ti dá sí i: òfin fàyè gba ọkọ̀ 500 lọ́dọọdún nínú àwọn tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kí wọ́n ka ọjọ́ orí wọn sí ti ọkọ̀ tí wọ́n jọ, kí wọ́n sì fi ìyẹn mọ irú àyẹ̀wò èéfín tí ó tọ́ sí wọn. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n bí lánàá ti ń gba ìwé àgbà.

Ẹni tí ó bá rò pé ẹwà ló ba eré jẹ́ kò mọ Bill NieKamp. Nígbà tí ìdíje fún ọkọ̀ aláìlórùlé tí ó rẹwà jù lọ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní Oakland ní 1950, èyí tí ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9, Ford 1929 tí ọkùnrin yìí tún ṣe ló gba ipò kìíní. Kò lọ daṣọ bo ọkọ̀ náà. Ní 1952 ó gbé e lọ sí El Mirage, ó sì fi sáré tí ó kọjá máìlì 140 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ eruku adágún kì í mọ ọkọ̀ tí ó gba ife.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú àṣà yìí kì í ṣe ohun àbùkù. Ọmọdé tí ó bá dúró ti bàbá rẹ̀ títí tí ó fi mọ bí bíréèkì ṣe ń dá ọkọ̀ tí ó wúwo dúró, tí ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fún ṣáásì àtijọ́ lókun kí ẹ́ńjìnnì tuntun má baà lọ́ ọ, ti kọ́ ohun tí ilé-ìwé púpọ̀ kò kọ́ni mọ́. Ẹ̀gàn wà fún ẹni tí ó ra ẹ̀rọ eré, tí ó jẹ́ kí ó jókòó, tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ àwọn asáré. El Mirage ṣì wà níbẹ̀, SCTA ṣì ń ṣe ìdíje lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Onítọ̀hún lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àṣíborí, bẹ́líìtì àti aṣọ tí iná kì í tètè jó ni wọn yóò bi í léèrè níbẹ̀, wọn kò ní béèrè iye tí ó ra ọ̀dà.