Ọ̀gá Gba 168, Ọmọọṣẹ́ Gba 247

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ wá kí mi kú ìrọ́jú, kó jókòó sílé rẹ̀. Máàkì jáḿbù kò pa mí. Ìkíni ló fẹ́ pa mí.

Télọ̀ ni mí, ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì kí n tó pinnu pé lọ́yà ni mo fẹ́ dà. Oníbàárà kan ló fà á. Ó gbé mi lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ lórí ṣòkòtò kan, mo sì ro ẹjọ́ ara mi títí adájọ́ fi ń fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín. Mo jàre. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Lọ́yà, èmi náà sì gbà á gbọ́.

Ọmọọṣẹ́ mi gbọ́ pé mo fẹ́ ra fọ́ọ̀mù jáḿbù, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ó ní òun náà á rà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ yá a lówó. Ọmọ Ígbò ni, Bódìjà níbí ni wọ́n bí i sí.

Ẹ wá wo ìgbà tí wọ́n gbé ìdánwò sí. Ìtúnu Ààwẹ̀ 2025 bọ́ sí ìparí oṣù kẹta, Àjíǹde bọ́ sí 20 oṣù kẹrin, ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní 24. Ẹ bi télọ̀ yòówù léèrè ohun tí ojú máa ń rí láàárín ọdún méjèèjì yẹn. Ańkárá ẹbí, léèsì ẹgbẹ́ akọrin, oníbàárà tó sanra láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó ní èmi ni mo wọ̀n ọ́n kù. Ìwé ìtàn tí wọ́n ní ká kà, The Lekki Headmaster, n kò ráàyè ṣí i. Mo ní kí ọmọọṣẹ́ máa kà á sókè, kí n máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń wa máṣíìnì. Ó ń kà á, mo ń ní "ẹn-ẹ́n". Nínú àwa méjèèjì, ta ló wá ń kàwé? Kò yé mi títí èsì fi jáde. Ìbéèrè mẹ́wàá ni wọ́n máa ń yọ látinú ìwé yẹn. Ohun tí mo rántí nínú rẹ̀ kò ju pé ọ̀gá ilé-ìwé kan wà, èyí tí wọ́n sì ti kọ sára èèpo ìwé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń ní "Ẹ káàárọ̀, sà". Wọ́n rò pé èmi ni mo fẹ́ ṣọ́ wọn. Ọ̀kan bi mí bóyá wọ́n lè wọ aago ọwọ́ wọlé. Mo ní rárá o. Tèmi gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè 180, wákàtí méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú mi yìí, kí n tó ti òwú bọ ihò abẹ́rẹ́, 40 ti lọ. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ máòsì í lò kó má fòyà, bọ́tìnnì mẹ́jọ ti tó: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S tí o bá ti ṣe tán, R tí o bá yí ọkàn padà. R yẹn wù mí. Ká ní irú rẹ̀ wà lára máṣíìnì mi ni, ta ni ì bá gbé mi lọ sí kóòtù lórí ṣòkòtò?

Yorùbá ni mo gbójú lé. Mo ní bí gbogbo yòókù bá dà mí, èdè ìyá mi kò ní dà mí. Kí ni mo bá níbẹ̀? Afàfàséfètèpè. Ẹ tún un pè. Láti kékeré ni mo ti ń pe "gb", mo fi pe gbèsè, mo fi pe gbẹ̀gìrì, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé afàfàséfètèpè ni mò ń ṣe lójú gbogbo ayé.

Mo fi UTMERESULT ránṣẹ́ sí 55019, ó jẹ náírà 50. Gẹ̀ẹ́sì 47, Lítíréṣọ̀ 41, Gọ́fúmẹ́ńtì 44, Yorùbá 36. Àpapọ̀ 168 nínú 400. Ọmọọṣẹ́ mi fi tirẹ̀ ránṣẹ́. 247. Yorùbá tirẹ̀, 74.

Yunifásítì Ìbàdàn ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní 200 ni wọ́n sì ń pè síbẹ̀ fún ìdánwò tiwọn. Nígbà tó yá, jáḿbù ní 150 ni kò gbọ́dọ̀ dín fún yunifásítì lọ́dún náà. A jẹ́ pé mo yege, n kò kàn ríbi wọlé ni. Bùbá tó tó mi léjìká, tí orí mi kò gba ọrùn rẹ̀ kọjá.

Ní 14 oṣù karùn-ún, rẹ́jísírà jáḿbù, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, jáde lórí tẹlifíṣàn, ó ní àṣìṣe wọ inú ètò kọ̀ǹpútà, ó sì sunkún. Èèyàn 379,997 ni ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n sì máa tún un ṣe. Mo fò sókè, tíì dà sórí léèsì oníléèsì. Ọlọ́run ti dá mi láre! Mo wo orúkọ àwọn ibi tó kàn: Èkó, àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ígbò. Mo wá Ìbàdàn títí, kò sí. Tèmi kò ní àṣìṣe kankan nínú. Bàbá ń sunkún, èmi náà ń sunkún, ohun tó ń pa kálukú lẹ́kún ló yàtọ̀.

Ìyàwó mi ní kí òun tù mí nínú. Ó ní nínú èsì 1,955,069 tí wọ́n gbé jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tí kò tó 200. "Ẹ ò rí i, Bàbá Ìbejì, ẹ pọ̀." Ó tù mí nínú lóòótọ́, àfi ìgbà tí mo rántí pé ọmọ tó ń gbá àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì mi kò sí lára wa.

Lańlọ́ọ̀dù wọlé: "Lọ́yà, ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn kan gba 90." Ìyá onírẹsì fi pọ̀nmọ́ kan kún tèmi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Obìnrin yẹn kì í fi ọbẹ̀ ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ.

Ti ọmọọṣẹ́ ló burú jù. Kò súfèé mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, àfi bí ẹni pé òkú sùn síbẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá bá a yọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń kó wọn lọ, wọ́n á máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ku oṣù mẹ́rin kó gba fúríídọ̀mù, n kò sì lè bá a wí mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó fi áyọ́ọ̀nù jó apá agbádá kan. Mo la ẹnu. Mo rántí 74. Mo pa á dé.

Mo tún máa ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Òun ló ní kí òun máa kọ́ mi ní Yorùbá ní alaalẹ́ kí òun tó lọ. Lánàá ó fi rúlà mi lu tábìlì mi, ó ní: "Ọ̀gá mi, sà, sílébù mélòó ló wà nínú bàǹtẹ́?"

Mo yọ gíláàsì. Mo rò ó dáadáa. Mo ní: "Ti ọmọdé ni àbí ti àgbà?"