Wọ́n Sọ Ọgbà Lórúkọ, Wọn Ò Wolẹ̀

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Oníru, l'Ékòó, lónìí, fóònù là ń wò. Kí síméǹtì fẹ́ǹsì tó gbẹ, màdáámù ti rí ọgbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti tẹ ọkàn pupa lé e, ó sì ti sọ ọ́ lórúkọ: ọgbà Lavender. Oyún ò tíì dúró, wọ́n ti so ewúrẹ́ ìkómọ mọ́lẹ̀.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe ayàwòrán ọgbà. Èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn kì í yọ pẹ́ńsù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, á bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, á béèrè ibi tí ṣọ́kàwéè wà àti ibi tí omi máa ń dúró sí lóṣù kẹfà, á wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè èyí tó ń bí àwọn onílé nínú jù: "Mà, ta ni yóò máa bomi rin ín?"

"Èmi lo ń bi? Àwòrán ni mo ní kí o yà."

Wọn ò sì fẹ́ sanwó àwòrán ọ̀hún, wọ́n ní bébà lásán ni. Ẹni tó fi mílíọ̀nù ṣe géètì ló dúró ń ná owó bébà bí ẹni ń ná tòmátì.

Yẹ̀pẹ̀ tí ayàwòrán bù sọ́wọ́ yẹn, iyanrìn ni. Òkun wà níhìn-ín, ọ̀sà wà lọ́hùn-ún, omi abẹ́ ilẹ̀ ò jìnnà, atẹ́gùn sì ń gbé iyọ̀ wá dà sórí ewé. Àgbọn fara mọ́ ọn. Lavender, ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ etí òkun Mẹditaréníà, jẹrà kí òjò oṣù keje tó dá.

Ilẹ̀ náà sì ní ìtàn. Apá kan Oníru, orí Màrókò, àdúgbò àwọn aláìní, ló wà. Lọ́jọ́ 14 oṣù keje ọdún 1990, ìjọba Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó, kó katakata wọ Màrókò, wọ́n lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde. Lára àwíjàre wọn ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi máa ń bò ó. Àwọn aláìní kó ẹrù wọn lọ; omi nìkan ni kò gba kúítì nótíìsì. Láti 2008, ọjọ́ 14 oṣù keje kan náà ni ìpínlẹ̀ Èkó fi ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn. Kàlẹ́ńdà náà mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe.

Ayàwòrán ní kí wọ́n fi pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀gá onílé fò sókè: "Pèrègún kẹ̀? Ṣé ojúbọ ni mo kọ́ ni?" Kò pẹ́ tó fi lọ ra Dracaena olówó ńlá nínú ìkòkò funfun, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, àwọn àlejò ń bá a ya fọ́tò. Pèrègún ni. Ayàwòrán rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé owó.

Nígbà tí àgbàrá gbé ilẹ̀ dúdú tí típà kó wá lọ sínú gọ́tà, màdáámù rí ọgbọ́n míì dá: koríko oníke. Kì í kú, kì í béèrè ọ̀rọ̀. Àmọ́ lọ́sàn-án gangan, ajá pàápàá ò gbà láti tẹ̀ ẹ́, eruku jẹnẹrétọ̀ sì ń bà lé e. Ní gbogbo Sátidé ni aṣọ́gbà ń fi Omo àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ó ti ní kí wọ́n sọ owó oṣù òun di ti alágbàfọ̀.