Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Fóònù Rẹ̀ Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé ẹni tó wọ ilé onílé lè wo ògiri, kí ó wo àjà, kí ó má sì mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú owó sí. Àìmọ̀ yìí ló jẹ́ kí onílé lè ṣe àlejò láìfòyà. Ṣùgbọ́n àlejò òde òní kì í dá wá. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù náà lójú, ó sì ń fi ríran.

Wi-Fi ni ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé orí fóònù àti kọ̀ǹpútà láìlo wáyà, ráútà sì ni àpótí kékeré tó ń pín in káàkiri ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò fiyè sí ni pé àwọn ẹ̀rọ tó bá wà lórí ráútà kan náà sábà máa ń rí ara wọn, yálà kọ̀ǹpútà tí ìwé owó ilé wà nínú rẹ̀ ni tàbí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà. Bí fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn ètò búburú tí ọ̀daràn ṣe láti ba ẹ̀rọ jẹ́ tàbí láti jalè, bá ti wà nínú fóònù àlejò, àlejò pàápàá kò ní mọ ohun tí òun gbé wọlé.

Síbẹ̀, baálé ilé yóò mọ odi, yóò ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀, yóò gba mẹ́gáàdì sí ẹnu géètì, yóò wá kọ pásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ráútà ń béèrè kí ó tó gba ẹ̀rọ láyè, sínú ìwé, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn ní pálọ̀. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ àti 1234 ni. Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ti gbà á, gbogbo ẹni tó wá jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ ti gbà á, kò sì sí ẹni tó dá a padà nígbà tó ń lọ. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án: ìgbà tí dátà oṣù kan bá tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni baálé yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Àìka pásíwọ́ọ̀dù sí ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Ní 2016, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai gba inú pásíwọ́ọ̀dù àtilẹ̀wá tí àwọn onílé kò pààrọ̀ wọ inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti ráútà, ó sì fi wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, tó ń tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà dé orí àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, débi pé Twitter àti Netflix kò ṣeé ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àlejò, ìyẹn Wi-Fi kejì tó ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, tó ń jẹ́ kí àlejò dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láìdé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ inú ilé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé ṣe ń gba àlejò láìjẹ́ pé ó wọ iyàrá. Onílé yóò tẹ nọ́ńbà tó wà lára ráútà, tó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, sínú búráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò kọ́kọ́ pààrọ̀ "admin" tó sábà máa ń jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù ráútà fúnra rẹ̀, kí ó tó tan ti àlejò. Nínú àwọn irú ààbò tí ráútà bá tò síbẹ̀, WPA2 tàbí WPA3 ni kí ó mú, kì í ṣe WEP tí àwọn onímọ̀ ti tú àṣírí rẹ̀ láti 2001. Kámẹ́rà àti tẹlifíṣàn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá yẹ ní ẹgbẹ́ àlejò, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìwà wọn tán.

Ẹni tí kò jẹ́ kí àlejò wọ iyàrá òun, tó sì fún un ní ọ̀nà dé inú gbogbo ẹ̀rọ ilé, kò ṣe aájò àlejò, ilé rẹ̀ ló sọ di ọjà. Kí onílé ya ti àlejò sọ́tọ̀ kí àríyá mìíràn tó dé, kí ó sì yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà nígbà tí wọ́n bá ti kó àga kúrò nílẹ̀.