“Too Sweet” Ló Dá a Sílẹ̀ ní Niger Street

Ẹ sún mọ́ mi, ògiri létí. Bàbá ìbejì kan ní Niger Street ní Kánò níbí, ẹni tí Bíbélì kì í kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀, ló tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí ló kọ? “Sister, your voice is too sweet.” Ní aago mọ́kànlá alẹ́! Ìyàwó rẹ̀ sì rí i. Háà, ojú mi rí nǹkan.

Ìyá ìbejì ní bó bá jẹ́ “sweet” lásán, òun ì bá mójú kúrò. “Too” yẹn ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun òun lọ. Ọkùnrin tó bá ti dé orí “too”, ó ní, ó ti kọjá pálọ̀.

Ẹ tún wá gbọ́ o! Arábìnrin náà gan-an bínú. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló là á yé e pé lẹ́nu Òyìnbó, ohun tó bá ti “too” ti kọjá ààlà: tíì tó bá “too sweet”, dídà ni wọ́n ń dà á nù. Ó ní bó bá jẹ́ pé bàbá ìbejì fẹ́ yìn ín ni, “very” ni ì bá kọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ìyàwó ilé pè é ní àlè, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí pè é ní èébú!

Ká má parọ́, láti 1912 tí rélùwéè ti so Èkó mọ́ Kánò, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì kó àwa àlejò jọ sí Sabon Gari, pijin ni Yorùbá àti Ígbò fi ń bá ara wọn ṣe. Nínú pijin, “you too much” kì í ṣe ẹ̀sùn, oríkì ni. “Jù” tiwa náà ńkọ́? “Orin yẹn dùn jù,” ìyìn ni. “Iyọ̀ pọ̀ jù,” ẹjọ́ ni. Ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, ta ló sì fẹ́ gbọ́ ohùn nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí fóònù?

Àwíjàre tí bàbá ìbejì gbé lọ síwájú àwọn alàgbà nìyẹn. Alàgbà kan bi í pé ìyìn wo ni kò lè dúró di àárọ̀? Ẹnu rẹ̀ wọ inú.

Mo pàdé arábìnrin náà ní Yoruba Road lánàá, òun àti gèlè tuntun. Ìbínú dà? Mo ní gèlè yẹn yẹ ọ́ o. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀: “Ẹ ṣé, mà. Thank you too much.”