Washington Ò Sí Nínú Ẹgbẹ́ Wa

Ìyá kan tó ń ta àgbàdo ní àdúgbò wa kí mi ní ìrọ̀lẹ́ àná: "Bàbá Washington, ẹ kú àbọ̀ o." Mo dáhùn. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́.

Gbèsè mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo yá ti báǹkì, mo fi ra jẹnẹrétọ̀. Mo yá ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí, ní Ìbàdàn, mo fi san owó ilé-ìwé, mo fi kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi. Ẹ̀kẹta ni ti áàpù kan orí fóònù, tó kéré jù, tó sì ya wèrè jù. Mo kàn pẹ́ díẹ̀ kí n tó san tiwọn ni, ni wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù mi pé gbájúẹ̀ ni mí, kí ẹni tó bá rí mi mú mi. Wọ́n kọ ọ́ sí pásítọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹni tí mo fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́ ní "Oníná Má Gbé E," òun náà sì pè mí kíá: "Ọ̀gá, ẹ rántí pé ẹ ṣì jẹ èmi náà lówó iṣẹ́ o."

Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ìwà ìkà gbáà ni. Èèyàn jẹ ọ́ lówó, o lọ ń dójú tì í lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ ìgbà tó yá a. Lọ́dún 2023 ni Google tó kéde pé áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ máa wo nọ́ńbà àwọn èèyàn inú fóònù oníbàárà mọ́. Ta ló fẹ́ bá mi gba ohun tí wọ́n ti wò ṣáájú padà?

Inú ìtìjú yẹn ni mo wà tí mo fi rí ìwé náà nínú òkìtì ìwé tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì ní Dùgbẹ̀. Ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́. Lẹ́yìn ìwé náà, ọkùnrin kan ń fi àlùmọ́gàjí gé káàdì báǹkì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ka ìwé òun tán yóò bọ́ nínú gbèsè, orúkọ rẹ̀ yóò sì mọ́. Ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ló ni ìwé náà tẹ́lẹ̀: ẹni tó bọ́ nínú gbèsè ni, àbí ẹni tí gbèsè sún dé ibi tó ti ń ta ìwé rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, máàkì ni wọ́n ń fún onígbèsè. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, Equifax, Experian àti TransUnion, ló ń kó ìtàn gbèsè gbogbo èèyàn jọ. Inú ìtàn yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò máàkì FICO, láti 300 títí dé 850. Ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì náà dá lórí pé ṣé ò ń san owó lásìkò, ìdá 30 sì dá lórí iye tí o jẹ. Ẹni tó ti ń jẹ gbèsè tipẹ́, tó sì ń san án dáadáa, ni ọmọlúàbí. Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí kò ní máàkì rárá. Ìyá mi, tó kú láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ì bá dààmú kó tó rí ilé háyà ní Houston.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ìwé wí. Ó ní kí n fi káàdì ATM mi sínú abọ́ omi, kí n gbé e sí fírísà kó dì, pé bí náwónáwó bá gbé mi, kí yìnyín tó yọ́, ara mi á ti balẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé kò mọ iná Ìbàdàn. Nígbà tí mo padà yẹ̀ ẹ́ wò, káàdì mi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ẹja tó ti ń yí ọ̀rọ̀ padà. Mo nù ún, mo sì gbé e lọ gba owó. Obìnrin oní-POS gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé ṣé ẹja ni mò ń tà.

Ìwé náà tún ní kí n to gbèsè láti orí èyí tó kéré jù, kí n gbájú mọ́ ọn títí n ó fi san án tán, kí n wá fi owó rẹ̀ kún ti èyí tó tẹ̀ lé e. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí èlé pa òun lè kọ́kọ́ dojú kọ èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Ti áàpù ló kéré jù, òun náà ni èlé rẹ̀ ga jù. Mo san án tán, mo yọ áàpù náà dànù, mo jó. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa ìwé náà dé.

Orí keje ló bà mí jẹ́. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún onígbèsè, kó kàn yí orúkọ padà. Lẹ́tà náà ní kí agbowó gbèsè fi ẹ̀rí hàn pé lóòótọ́ ni o jẹ gbèsè náà, ó ní kò gbọdọ̀ pè ọ́ mọ́, kò gbọdọ̀ wá sí ibùgbé rẹ, kò gbọdọ̀ bá ẹbí rẹ sọ ohunkóhun. Ó tọ́ka sí òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1977, nísàlẹ̀ pátápátá sì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀dà kan ti lọ sí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Federal Trade Commission ní Washington. Mo mọ̀ pé Washington ò mọ̀ mí. Mo kàn fi í sílẹ̀ kó lè dẹ́rù bà wọ́n ni.

Ta ni n ó fi ránṣẹ́ sí? Báǹkì ń yọ tirẹ̀ lára owó oṣù mi láìbi mí. Áàpù ti lọ. Ó ku ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹgbẹ́ fún ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ rí. Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ mú un. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, oṣooṣù là ń dáwó. Bí èyí tí o ti dá bá tó 200,000 náírà, o lè yá ìlọ́po méjì rẹ̀, 400,000. Wọn kì í béèrè máàkì. Onídùúró méjì ni wọ́n ń béèrè, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí owó tiwọn náà wà nílẹ̀. Bí o kò bá san, owó àwọn méjèèjì ni wọ́n á fi dí i. Ẹgbẹ́ kì í pàdánù. Ẹni tó bá ọ fọwọ́ sí ìwé ló ń jìyà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni onídùúró mi àkọ́kọ́. Alhaji tó ni ilé tí mò ń gbé ni ìkejì.

Mo di lẹ́tà náà sínú àpòòwé, mo fi í lé Akọ̀wé lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọjá. Èrò mi ni pé Alága á kà á ní kọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ á já, á wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ká rọra yanjú ẹ̀. Ọjọ́ ìpàdé pé, a gbàdúrà, a kọrin ẹgbẹ́, ni Alága bá ní kí Akọ̀wé ka àwọn lẹ́tà tó wọlé. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága wa. Akọ̀wé ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àjálù méjì lórí tábìlì kan!

"Ẹ kà á síta," Alága wí, "kí ẹ sì máa túmọ̀ rẹ̀, kí àwọn ìyá wa lè gbọ́."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀. "Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn."

"Ta ni ọ̀rọ̀ kàn?" Ìyá Ẹlẹ́ran bi í. "Ṣé kò mọ orúkọ wa ni?"

"Mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé n kò gbà pé mo jẹ gbèsè tí ẹ ní mo jẹ."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyàwó mi, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, fa ìborùn rẹ̀ bojú. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín.

"Láti òní lọ, ẹ kò gbọdọ̀ pè mí lórí fóònù. Ẹ kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yíjú sí mi. "Bàbá Dámọ́lá, ṣé kí n má bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni?"

"Ẹ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibùgbé mi."

Alhaji kì í pariwo. Ó kàn tún fìlà rẹ̀ dé. "Èmi tí mo kọ́ ilé ńkọ́? Níbo ni kí n kó lọ?"

Mo ní kí n dìde ṣàlàyé, Alága fọwọ́ dá mi jókòó. Akọ̀wé ti dé ibi tí mo gbàgbé láti yí padà: "Gẹ́gẹ́ bí olùgbé ìpínlẹ̀ Ohio..." Ó dúró, ó wò mí lókè gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ohio, sà?" Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì dákẹ́ tó fi ka ẹ̀dà tó lọ sí Washington.

Ìyá Ẹlẹ́ran bá tún dìde. "Washington yìí, ṣé òun ni onídùúró rẹ̀ tuntun ni? Kí ó wá fọwọ́ sí i."

"Washington ò sí nínú ẹgbẹ́ wa," Alága wí. "Àmọ́ ọmọ wa ní òun fẹ́ ẹ̀rí. Akápò, ẹ fún un ní ẹ̀rí."

Akápò gbé lẹ́jà jáde, ó ṣí i, ó gbé e sí iwájú mi. Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé lọ́dún tí mo yá owó náà, èmi gan-an ni igbákejì akọ̀wé. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Orúkọ mi, 400,000 náírà, orúkọ onídùúró méjèèjì. Mo fọwọ́ sí i níbi tí ẹni tó gba owó ń fọwọ́ sí, mo tún fọwọ́ sí i níbi tí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ń fọwọ́ sí. Mo tilẹ̀ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀, torí mo fẹ́ràn kí iṣẹ́ mi mọ́.

"Kà á sókè," Alága wí. Mo kà á.

"Ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ṣé ẹ̀rí náà tó, àbí ká kọ̀wé sí Ohio?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n bu owó ìtanràn lé mi fún títàbùkù ẹgbẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ran ní kí wọ́n fi nǹkan kún un, nítorí òyìnbó tí mo fi pá òun láyà. Wọ́n fi kún un.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó ka orí keje tán. Òfin 1977 yẹn wà fún àwọn tó ń bá ẹlòmíràn gba gbèsè. Ẹni tó yá ọ lówó fúnra rẹ̀, tó ń béèrè owó ara rẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbogbòò. Ìyẹn ni pé lẹ́tà mi kì bá tí ṣiṣẹ́ ní Ohio pàápàá! Ẹni tó kọ ìwé ti sọ ọ́ kedere. Èmi ni mo fo ojú ìwé.

Àwọn tí mo bínú sí ni àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ń tan èèyàn jẹ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní 609, nọ́ńbà abala kan nínú òfin 1970 lórí ìròyìn gbèsè, pé ó ń pa gbèsè rẹ́. Ohun tí abala yẹn fún èèyàn ni ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ irọ́, o lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́ pé o kò san, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 7. Láti 1996 ni òfin ibẹ̀ ti ní ilé-iṣẹ́ tó ń tún orúkọ onígbèsè ṣe kò gbọdọ̀ gba owó kó tó ṣiṣẹ́. Tiwa ti dé orí WhatsApp báyìí: ẹnì kan ní kí n san owó kí òun bá mi nu orúkọ mi kúrò ní CRC àti FirstCentral, àwọn tó ń kó ìtàn gbèsè jọ níbí. Olè ni. Kò sí ẹni tó lè nu gbèsè tòótọ́ tí ẹ ò tíì san.

Mo tún gbìyànjú orí kẹjọ, kí ẹ tó ní mo kẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí n kó owó mi kúrò ní báǹkì tí mo jẹ, kí n gbé e lọ sí òmíràn. Mo gbé e. Mo wá fo owó oṣù kan. Mi ò mọ̀ pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni báǹkì tó yáni lówó ti lè fi BVN wá owó rẹ̀ kàn nínú àkáǹtì èèyàn ní báǹkì mìíràn, kó sì yọ ọ́. Owó náà lọ lójú mi, èlé náà bá a lọ. Lẹ́tà wo ni mo tún fẹ́ kọ?

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹgbẹ́ yín lówó tí ọwọ́ kò ká a mọ́, ẹ lọ bá onídùúró yín nílé kí ìpàdé tó pé. Ẹ sọ iye tí ẹ lè máa san, kí ẹ sì mú díẹ̀ nínú rẹ̀ dání. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ sì dín iye tí mò ń san lóṣù kù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti ń kí mi. Alhaji ò lé mi jáde. Owó ilé ló fi kún.