Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ fún Míṣọ̀n: Àríyànjiyàn Akápò àti Wáyà

Yàrá kọ̀ǹpútà tí míṣọ̀n àti ìjọ máa ń dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun. Tòkunbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ kan ní London tàbí Texas ti lò fún ọdún mẹ́rin-márùn-ún, tí wọ́n sì gbé tì nítorí pé wọ́n ti ra òmíràn. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tún pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tí Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà, àti processor tí kò dàgbà ju nǹkan bí ọdún 2018 lọ. Kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan wọ̀nyí kò ṣàìsàn o. Wọ́n kàn fẹ̀yìn rẹ̀ tì ni.

Ìdí tí àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá fi ń wá a kò fara sin. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ ìdánwò UTME di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ tí kò di máòsì mú rí á wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, á sì máa wá ibi tí ọfà kékeré yẹn sá lọ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ṣọ́ọ̀ṣì máa fi ẹ̀rọ kọ́ni kò sì ṣàjèjì: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé míṣọ̀n ni míṣọ́nnárì Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti délé báyìí, ẹni méjì kan á yọjú, nítorí kò sí ìjọ tí kò ní wọn. Ọ̀kan ni Akápò, bàbá tó ń ka owó igbá lẹ́ẹ̀mejì, tó sì tún ń ṣọ́ ẹni tó bá a kà á. Èkejì ni Wáyà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí sùkúdíráfà kì í kúrò lápò rẹ̀ kódà tó bá wọ aṣọ ẹbí. Ibi tí ẹ̀rọ yóò ti wá ni wọ́n ti kọ́kọ́ máa ń ta kókó.

AKÁPÒ: Wáyà, àdúrà ti gbà! Àwọn òyìnbó fẹ́ fún wa ní ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò ìjọ.

WÁYÀ: Ẹ kú oríire, Bàbá. Ta ló máa san owó ọkọ̀ ojú omi?

AKÁPÒ: Owó kí ni?

WÁYÀ: Owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó ẹni tó máa bá wa gbà á jáde ní Àpápá, owó ọkọ̀ akẹ́rù, owó àwọn alábàárù.

AKÁPÒ: Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kò lè gbọ́ ìròyìn ayọ̀ kí o má dá owó lé e ni?

WÁYÀ: Ẹ má bínú, Bàbá. Tí mẹ́jọ bá wá kú nínú wọn ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀pọ̀ ẹrù tí wọ́n ń pè ní ọrẹ ló jẹ́ pé ilẹ̀ ilé ẹlòmíràn ni wọ́n fi gbá. Àdéhùn Basel tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lọ́dún 1989 ló ń ṣàkóso bí pàǹtírí olóró ṣe ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àtúnṣe tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025 ti kó gbogbo pàǹtírí ẹ̀rọ oníná sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ta míṣọ̀n lọ́rẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò kó tó dì í. Ohun tó sì máa ń rọrùn jù fún ìjọ kékeré ni kí ó ra ìwọ̀nba díẹ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, níbi tí oníbàárà ti lè ki ẹ̀rọ bọ iná kó tó sanwó.

WÁYÀ: Bàbá, mẹ́wàá tí a fojú ara wa dán wò sàn ju ọgbọ̀n tí a kò mọ orírun rẹ̀ lọ.

AKÁPÒ: Ìkẹjà ń gba owó.

WÁYÀ: Ọ̀fẹ́ náà ń gba owó. Ẹ̀yìn ló kàn ń gbà wá gbà á.

Èyí tó bá ti dé ilé gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kí ó tó rí iná. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti dàgbà, nítòsí ojú ihò tí wáyà iná ń wọ̀, bọ́tìnì pupa kékeré kan wà tí kò ju èékánná lọ. Bí wọ́n bá tì í sápá kan, 115 á hàn lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tì í sápá kejì, 230. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fólítì, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà dé, lórí 115 ló máa ń wà.

AKÁPÒ: Wá wo èyí tí ọmọ ìjọ wa kan rán láti Houston. Mo ti kì í bọ iná tán, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́.

WÁYÀ: Bàbá, ẹ dúró! Bọ́tìnì pupa!

Gbàù! Iná já ní gbogbo ilé. Èéfín funfun rọra ń yọ láti ibi fáànù, òórùn rọ́bà tó jóná sì gba yàrá kan.

AKÁPÒ: Yéè! Kí ló dé?

WÁYÀ: Ó ti lọ, Bàbá.

AKÁPÒ: Lọ síbo?

WÁYÀ: Ibi tí àgbà ń lọ tí kì í bọ̀.

AKÁPÒ: Ìwọ lo fà á. Igbe tí o ké mọ́ ọn ló já a láyà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, àpótí iná nìkan ló ń jó nínú irú ìjàǹbá yìí, a sì lè ra òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Laptop kò ní wàhálà yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ṣájà rẹ̀ ni wọ́n kọ 100 sí 240 sí lára. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ iná, eruku ló kàn. Wọ́n á ṣí ara ẹ̀rọ, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá fáànù, wọ́n á yọ RAM, wọ́n á sì fi ìrésà ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ra àwọn eyín aláwọ̀ wúrà tó wà létí rẹ̀ títí yóò fi dán. Ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò tan rárá ti jí nípa ìrésà yìí rí, níṣojú àwọn tó ti ń gbèrò láti sin ín. Kí wọ́n sì wo bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ òní. Bí bátìrì yìí bá kú, ọjọ́ á dojú rú, ọ̀pọ̀ ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì á sì kọ̀ láti ṣí.

AKÁPÒ: Wáyà, ẹ̀rọ yìí ní ọdún 2009 la wà.

WÁYÀ: Bátìrì inú rẹ̀ ló kú. Ẹ jẹ́ kí n bá a yí i.

AKÁPÒ: Má fọwọ́ kàn án! Ṣé o rántí iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì lọ́dún 2009?

Ohun tó kàn ni pípa gbogbo ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà kó sínú hard disk rẹ́ pátápátá. Àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé ìfowópamọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ Sunday School bá pàdé. Nígbà tí ó bá ṣófo tán, wọ́n á wá wo irú ètò tí wọn yóò gbé sí i, ibẹ̀ sì ni Akápò ti máa ń ro pé òun ti rí ọ̀nà àbùjá.

AKÁPÒ: Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn ọjà, ó ní òun á fi Windows sí gbogbo rẹ̀. Owó ẹ̀kọ méjì ló ń gbà.

WÁYÀ: Ayédèrú nìyẹn, Bàbá. Òfin kẹjọ ńkọ́?

AKÁPÒ: Mose kò dárúkọ kọ̀ǹpútà.

WÁYÀ: Kò dárúkọ owó igbá náà.

Akápò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ètò ayédèrú kì í sábà rí àtúnṣe gbà, kòkòrò kọ̀ǹpútà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn egbò. Linux ni ọ̀pọ̀ irú yàrá báyìí ń lò. Lubuntu àti Linux Mint fúyẹ́ fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà, LibreOffice wà fún ìwé kíkọ àti ìṣirò, kọ́bọ̀ kan kò sì wọ gbogbo rẹ̀. Ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá pàápàá wà nínú Linux, tí ọmọ fi lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìwá wọn kiri.

AKÁPÒ: Ta ló ń sanwó fún àwọn tó ṣe é?

WÁYÀ: Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fínnúfíndọ̀ ṣe é ni, Bàbá, láìgba nǹkan kan.

AKÁPÒ: Bá mi pè wọ́n wá sẹ́gbẹ́ akọrin. Àwọn tiwa ń gba owó ọkọ̀.

Ọ̀nà míràn tún wà tó ń mú kí ẹ̀rọ tó gbó jù wúlò. LTSP ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1999 ló sì ti wà. Kọ̀ǹpútà kan tó lágbára á dúró gẹ́gẹ́ bí olórí, àwọn yòókù á sì máa jí láti ara rẹ̀ nípasẹ̀ wáyà, láìní hard disk tiwọn. Ohun tí wọ́n bá tún ṣe lára olórí ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn nìyẹn, ọmọ tó bá sì ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ kò lè ba ètò ẹ̀rọ tirẹ̀ jẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí olórí bá kú, gbogbo agbo ló dákú.

AKÁPÒ: Bí ìjọ tí kò ní pásítọ̀.

WÁYÀ: Ìdí nìyẹn tí a fi máa ra olórí méjì.

AKÁPÒ: Mo ti mọ̀ pé owó ló máa já sí.

Ọ̀rọ̀ iná ló máa ń pa ọ̀pọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé rìbọ́ọ̀nù, tí pásítọ̀ ti súre tán. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú ojú pẹlẹbẹ lè gba nǹkan bí 70 wáàtì. Mẹ́wàá á jẹ́ 700, olórí àti àpótí tó so wáyà pọ̀ á sọ ọ́ di 800. Bátìrì méjì oní-12 fólítì, 200 ampere-hour, kó 4,800 watt-hour sínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ń lò kí bátìrì lẹ́ẹ̀dì má baà tètè kú. Èyí kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Bí ó bá jẹ́ laptop ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 35 wáàtì, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 450, bátìrì kan náà á sì lò tó nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Ẹ̀rọ tí ó wọ́n díẹ̀ lọ́jà lè tipa bẹ́ẹ̀ di èyí tó pọ́ọ́kú jù nílé.

AKÁPÒ: Kí la fẹ́ fi bátìrì ṣe? Ṣebí jẹnẹrétọ̀ ìjọ wà.

WÁYÀ: Èlo ni jálá epo báyìí, Bàbá?

AKÁPÒ: Má dárúkọ epo níwájú pẹpẹ.

WÁYÀ: Ó dáa. Tí a bá ti rí iná oòrùn fi sí i, a ó gbé Starlink wá, a ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ojú ńlá kan á wà lára ògiri...

AKÁPÒ: Dúró níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la ra kọ̀ǹpútà. Èyí tí o dárúkọ yẹn, ṣé oṣooṣù kọ́ ló ń jẹun?

Níbí, bàbá náà jàre. Ẹni tó bá fẹ́ dá yàrá kọ̀ǹpútà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ná lọ́dọọdún kó tó mọ ohun tí yóò rà, Wáyà kì í sì í rántí apá yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ètò Kiwix lè gbé Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ sórí disk, tí ó fi díẹ̀ ju 100 gígábáìtì lọ, ti Yorùbá sì wà pẹ̀lú. Kolibri ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí wọ́n bá kó o sára olórí lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ á máa kà á láìsan owó dátà.

Lẹ́yìn èyí, yàrá náà fẹ́ fèrèsé tó ń gba atẹ́gùn, ìlẹ̀kùn irin, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣí i. Ẹni yìí ṣe kókó ju irin lọ.

WÁYÀ: Bàbá, àwọn ọmọ ti dé. Kọ́kọ́rọ́ dà?

AKÁPÒ: Ó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀la ni kí wọ́n wá.

WÁYÀ: Bí ẹ ṣe wí lánàá nìyẹn.

AKÁPÒ: Wọ́n á bà á jẹ́! Ìwọ kò rí i bó ṣe mọ́? Láìkù ọ̀kan, gbogbo kíbọ́ọ̀dù ṣì wà nínú ọ̀rá.

WÁYÀ: Bàbá, bátìrì tí wọn kò lò ń kú. Kíbọ́ọ̀dù tí wọn kò tẹ̀, eku á bá wa tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ eku ló ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ó ku àwọn ẹ̀rọ tó ti kú, nítorí tòkunbọ̀ kì í ṣe aláìleèkú. Èyí tó bá dákẹ́ á kọ́kọ́ di ohun àtúnṣe fún àwọn tó kù: RAM rẹ̀, fáànù rẹ̀, àpótí iná rẹ̀, títí kan ìdè kéékèèké. Ìyókù kò gbọdọ̀ lọ sórí ààtàn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sun wáyà nítorí kópà, nítorí èéfín rẹ̀ ń ṣekú pani. Dígí kọ̀ǹpútà oníkùn gbàǹgbà àtijọ́ ní òjé nínú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti tú u ló yẹ kó lọ.

AKÁPÒ: Jẹ́ kí wọ́n wà ní yàrá aṣọ akọrin. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á wúlò.

WÁYÀ: Mẹ́fà ti wà níbẹ̀, Bàbá. Akọrin ti ń wọṣọ níta. Àwọn tó ń tú u máa ń sanwó díẹ̀ lórí òmíràn.

AKÁPÒ: Sanwó? Fún ta?

WÁYÀ: Fún ìjọ.

AKÁPÒ: Kí ló dé tí o kò fi èyí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Gbé wọn lọ lówùúrọ̀ ọ̀la, kí o sì gba rìsíìtì bọ̀. Owó ọkọ̀ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn.

WÁYÀ: Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́fà lórí?

AKÁPÒ: Lẹ́ẹ̀kan náà kọ́. Pààrà rẹ̀.